Gbogbo iṣẹ́ àkànṣe ilé-iṣẹ́ ti di ti ẹ̀ka IT: èwo la máa gbà, èwo la máa dá padà?

Wáyà-kò-já

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń ká mi lára, mo ní kí n gbé e wá síbí, torí mo mọ̀ pé ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí kò ní ṣàì wà láàárín yín.

Ẹ̀ka IT wa ò tóbi. Ẹnì kan ló ń mójú tó network àti server (kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ jọ ń lò), ẹnì kan ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn kọṣẹ́, ẹnì kan ń kọ kóòdù, èmi ni olórí wọn. Àwọn ọ̀gá wa wá pàṣẹ pé iṣẹ́ àkànṣe yòówù tí kọ̀ǹpútà bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀ka IT ni kó máa darí rẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ dé báyìí nìyí: owó oṣù tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò nínú Excel bọ́ sínú sọ́fítíwíà tuntun, ọrùn wa ló wà. Fọ́ọ̀mù ìsinmi tí wọn ò fẹ́ máa kọ sórí bébà mọ́, ọrùn wa ló wà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ tuntun náà ti di tiwa, nítorí pé orí ayélujára ni wọ́n ti fẹ́ máa ṣe é. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún ni pé wọ́n ní ká darí kíkó ẹ̀ka ìtajà láti àjà kejì lọ sí àjà kẹrin. Mo ní kí ló kàn wá níbẹ̀? Wọ́n ní ṣebí wáyà wà lára iṣẹ́ ọ̀hún.

Àwọn tí printer wọn ò ṣiṣẹ́ kò sì dáwọ́ pípè dúró o.

Ìbéèrè mi: irú iṣẹ́ wo ló tọ́ kí ẹ̀ka IT darí, èwo ló jẹ́ pé ká kàn ràn wọ́n lọ́wọ́ ló yẹ? Báwo lẹ sì ṣe ń sọ fún ọ̀gá pé "eléyìí kì í ṣe tiwa" tí kò fi ní dà bí ẹni pé à ń sá fún iṣẹ́?

Àgbà Ọ̀jẹ̀

Ọ̀gá Wáyà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ibi tí àwọn ọ̀gá yín ti ṣì í ni pé wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ wo ni kọ̀ǹpútà ò sí nínú rẹ̀ lóde òní? Bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, ẹ̀yin náà lẹ máa máa gba èèyàn síṣẹ́ láìpẹ́, torí pé íméèlì ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sí wọn.

Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: bí nǹkan yìí bá dojú rú lọ́la, iṣẹ́ ta ni yóò dúró? Ẹni yẹn ló ni iṣẹ́ àkànṣe náà. Bí owó oṣù bá ṣì, ẹ̀ka àkáǹtì làwọn òṣìṣẹ́ máa ya lọ bá, wọn ò ní wá sọ́dọ̀ yín. Nítorí náà, ẹnì kan láti àkáǹtì ló gbọ́dọ̀ ni iṣẹ́ náà, òun ni yóò máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" lórí ohun tí sọ́fítíwíà ọ̀hún gbọ́dọ̀ ṣe. Tiyín ni gbígbé dátà láti ibi àtijọ́ sí ibi tuntun, ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ wọlé, backup (àdàkọ dátà tí ẹ tọ́jú pa mọ́), ààbò, àti bí sọ́fítíwíà tuntun yóò ṣe máa bá èyí tó ti wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é ní ìrànlọ́wọ́ lásán.

Èyí tí IT gbọ́dọ̀ darí fúnra rẹ̀ ni irú èyí tó jẹ́ pé bó bá yọrí sí rere, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀: pípààrọ̀ network, gbígbé íméèlì gbogbo ilé-iṣẹ́ lọ sórí cloud (server ẹlòmíràn lórí ayélujára), fífi ìgbésẹ̀ kejì kún password. Ẹ wo Windows 10. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró. Ilé-iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ IT pọ́ńbélé nìyẹn: kí wọ́n ka gbogbo ẹ̀rọ, kí wọ́n wo èyí tó lè gba Windows 11 àti èyí tí kò lè gbà á, kí wọ́n ṣètò ẹ̀ka tí yóò kọ́kọ́ kàn. Kò sí ẹ̀ka mìíràn tó lè bá wọn ṣe é.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Amẹ́ríkà, ṣe àpẹẹrẹ, torí pé gbangba ló wà. Wọ́n fẹ́ kó ìwé ẹjọ́ kúrò lórí bébà. Sọ́fítíwíà tí wọ́n pè ní Virtual Case File ni wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Wọ́n pa á tì ní 2005 lẹ́yìn tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 dọ́là ti wọlẹ̀. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò rí i pé láàárín oṣù kọkànlá 2001 sí oṣù kejì 2003 nìkan, ọ̀gá àgbà IT márùn-ún ló jẹ lórí rẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ kí sọ́fítíwíà náà ṣe sì ń yí padà ṣáá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn, Sentinel, ní 2006, wọ́n gbé e fún agbaṣẹ́ṣe láti ìta, òun náà ń fà. Ní 2010 ni FBI gbà á padà sọ́wọ́ ara rẹ̀, wọ́n dín èrò kù, wọ́n gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè máa rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oṣù keje 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó jákèjádò. Ẹ má fi èyí sọ pé ti inú ilé ló dára jù nígbà gbogbo o. Ohun tí èmi ń wò níbẹ̀ ni pé kóòdù kọ́ ló kọ́kọ́ kó bá wọn. Wọn ò ní ẹnì kan tó dúró pẹ́, tó sì lẹ́nu láti sọ pé "ó tó, ẹ má fi kún un mọ́".

Gbà-gbogbo-ẹ̀

Èmi ò fara mọ́ ọn tán. Ẹ̀ka IT tó bá ń dá iṣẹ́ padà, àwọn ẹ̀ka yòókù á máa ṣe é lẹ́yìn wọn ni. Ẹ ó kàn gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ẹ̀ka ìtajà ti fi káàdì ọ̀gá wọn ra sọ́fítíwíà kan lórí ayélujára, wọ́n ti da orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà sínú rẹ̀, ẹni tó ṣí i sì ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ta ni wọ́n máa pè pé kó wá bá wọn wá password? Ẹ gba gbogbo ẹ̀ jàre. Ẹni tó ń darí ló ń mọ ohun tó ń lọ.

Àgbà Ọ̀jẹ̀

Mímọ̀ yàtọ̀ sí dídarí, àbúrò. Kí gbogbo iṣẹ́ gba ẹnu ọ̀nà IT kọjá, mo fọwọ́ sí i. Kí gbogbo rẹ̀ wá sùn sí yàrá IT, rárá o.

Ìyá Àkáǹtì

Ẹ̀yin ará IT, ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ tẹnu wa náà. Àkáǹtì ni mo wà, wọ́n sì ti ní kí n ni irú iṣẹ́ yìí rí, nígbà tá a ń pààrọ̀ sọ́fítíwíà owó oṣù. Ohun tí ẹ kì í là yé wa ni ohun tí ẹni tó ni iṣẹ́ máa ń ṣe gan-an. Ẹ ó kàn mú ìwé gbọọrọ wá pé ká kọ gbogbo ohun tá a fẹ́ síbẹ̀, ká fọwọ́ sí i. Ta ló mọ gbogbo ohun tó fẹ́? Ohun tọ́wọ́ èèyàn ti mọ́ lára, kì í rántí pé òun ń ṣe é.

Ọmọkùnrin IT kan ló yọ wá. Kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé àga, ó jókòó ti ọmọbìnrin tó ń ṣe owó oṣù lọ́jọ́ tó ń ṣe é lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ó rí i pé àwọn orúkọ kan ní àwọ̀ yẹ́lò nínú Excel. Ó bi í pé kí ni yẹ́lò. Ọmọbìnrin yẹn ní ẹni tó bá wà ní yẹ́lò, ìsinmi aláìgbowó ló lọ, kí òun má san ju iye ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ lọ. Àwọ̀ ewé ńkọ́? Ẹni tó yá owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń san án padà ni, iye tó kù lọ́rùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé kékeré kan nínú àpótí tábìlì. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó wà nínú ìwé tó ti dé ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ń kó dátà wọ sọ́fítíwíà, nọ́ńbà nìkan ló ń kó, kì í rí àwọ̀. Gbogbo ẹni yẹ́lò ni ì bá gba owó oṣù ní pípé.

Nítorí náà, ọ̀gá Wáyà, kí ẹni tó ni iṣẹ́ wá láti àkáǹtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni IT jókòó tì wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ má pa Excel tì lọ́jọ́ tí tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe méjèèjì pọ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ oṣù tí nǹkan máa ń ṣù pọ̀ sí, bí oṣù tí wọ́n ń san àjẹmọ́nú tàbí tí owó-orí yí padà. Ẹ tò ó ní orúkọ sí orúkọ. Ibi tí wọn ò bá ti dọ́gba, ẹ wá ìdí rẹ̀ kàn. Ẹ má sọ pé owó kékeré ni. Nígbà mìíràn ẹ máa rí i pé Excel gan-an ló ti ń ṣì í bọ̀ látẹ̀yìn wá. Ìyẹn ń fa wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ tètè sọ ọ́ fún ọ̀gá kí òfófó tó gbé e dé etí àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin ọmọ IT: ẹ má ṣe ìyípadà kankan sórí ohun tá à ń lò ní ìparí oṣù. Mo mọ̀ pé òru ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń dẹ̀ yín lọ́rùn. Ẹ wo kàlẹ́ńdà tiwa kẹ́ ẹ tó wo tiyín.

Èmi-Nìkan-Ni-IT

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pé mẹ́rin lẹ̀ ń ráhùn! Èmi nìkan ni gbogbo ẹ̀ka IT níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń gbà mí ni pátákó kan tó wà lára ògiri lẹ́yìn àga mi. Òpó mẹ́ta: "ó ń dúró", "ó ń lọ", "ó ti tán". Ìwé pélébé kan fún iṣẹ́ kan. Ohun tó wà lábẹ́ "ó ń lọ" kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Bí ọ̀gá bá mú ìkẹta wá, mi ò ní sọ pé rárá. Màá dìde, màá ní kó fúnra rẹ̀ yọ ọ̀kan kúrò kó tó lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ lọwọ́ ẹ̀ ti máa ń rọ̀. Ọ̀dọ̀ Toyota, nílé iṣẹ́ mọ́tò, ni èrò yìí ti wá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa oníkọ̀ǹpútà. Àwọn sọ́fítíwíà bíi Trello àti Jira ní irú rẹ̀, àmọ́ ti ara ògiri ni ọ̀gá ò lè sọ pé òun ò rí.

Ẹ má sì gba iṣẹ́ lójú ọ̀nà. "Ẹ kàn bá wa ṣe kinní kékeré yẹn" ni gbogbo wàhálà fi ń bẹ̀rẹ̀. Kó kọ ọ́ wá. Ẹni tí kò bá lè kọ ìlà mẹ́ta nípa ohun tó ń fẹ́, kò tíì mọ ohun tó ń fẹ́.

Kíkọ-sílẹ̀-ló-jù

Àkóso iṣẹ́ àkànṣe ni iṣẹ́ mi, mi ò sí ní IT, mi ò sí ní àkáǹtì. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Àgbà Ọ̀jẹ̀. Òfin "iṣẹ́ ta ni yóò dúró" dára, ibi tó ti máa ń kọsẹ̀ ni iṣẹ́ tó kan ẹ̀ka púpọ̀. Ẹ wo òṣìṣẹ́ tuntun tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé: HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) ló gbà á, àkáǹtì ló máa fi orúkọ rẹ̀ sínú owó oṣù, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló máa fún un ní káàdì ẹnu ọ̀nà, IT ló máa fún un ní kọ̀ǹpútà àti íméèlì. Kálukú ń wo ibi tirẹ̀. IT nìkan ló sábà máa ń rí gbogbo rẹ̀ pọ̀, torí ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo okùn ti pàdé. Irú èyí, mo fara mọ́ ọn kí IT darí rẹ̀, pàápàá apá tí wọ́n máa ń gbàgbé, ìyẹn ẹni tó ń lọ. Ẹni ti ṣe send-off, ó ti gba ẹ̀bùn, ó ti lọ, íméèlì ilé-iṣẹ́ ṣì ń ṣí lórí fóònù rẹ̀.

Melvin Conway kọ ọ́ láti 1968 pé bí àwọn èèyàn inú ilé-iṣẹ́ bá ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ètò tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ yóò ṣe rí. Mo ti fojú mi rí i: HR àti àkáǹtì tí wọn kì í kí ara wọn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n jọ ṣe béèrè nọ́ńbà òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójú ewé kan náà.

Ẹ kọ ìwé ojú-ewé kan péré kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ èyíkéyìí. Ta ló ni ín? Orúkọ èèyàn o, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ka. Ta ló ń ṣe é, ta la gbọ́dọ̀ bi ká tó yí nǹkan padà, ta la kàn máa sọ fún, kí la ó fi mọ̀ pé ó ti parí, kí sì ni kò sí nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń fò. Ẹ mú ti kíkó ẹ̀ka ìtajà yìí: ẹ kọ ọ́ pé tábìlì, àga, kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tó máa jókòó síbì kan kò sí lọ́wọ́ IT, ihò network, Wi-Fi, fóònù àti printer ló wà lọ́wọ́ yín. Kẹ́ ẹ sì tètè lọ wo bóyá wáyà tó wà ní àjà kẹrin tó, torí fífa wáyà lè gba kí wọ́n pe agbaṣẹ́ṣe láti ìta. Bí tábìlì bá débẹ̀ ṣáájú wáyà, ẹ̀yin ni wọ́n máa bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò gbé àga kankan.

Ní ti printer tí kò dákẹ́: ẹ má fi gbogbo ọjọ́ márùn-ún inú ọ̀sẹ̀ ṣèlérí. Ẹni tó ń gba ìpè, ẹ má kà á mọ́ iṣẹ́ àkànṣe rárá. Fún àwọn yòókù, ẹ ṣí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì (ibi tí ẹ ń kọ ìpè àwọn èèyàn sí) ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ wo iye wákàtí tí wàhálà ojoojúmọ́ ń jẹ. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni kẹ́ ẹ fi ṣèlérí. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn síwájú ọ̀gá, kò ní pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ.

Wáyà-kò-já

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣìṣe. Ìyá Àkáǹtì, bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yẹ́lò yẹn tán, mo lọ ní kí wọ́n ṣí Excel tiwa. Àwọ̀ mẹ́rin! Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ìkẹrin wà fún.

Ó ku nǹkan méjì. Ọ̀gá àgbà ti kéde ọjọ́ tí sọ́fítíwíà owó oṣù máa bẹ̀rẹ̀, ojú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti sọ ọ́, ó sì ní bí a ò bá pọ̀ tó, òun á kó èèyàn wá kún wa láti ìta. Ìkejì, agbaṣẹ́ṣe tó ni sọ́fítíwíà náà ń sọ pé ká fọkàn balẹ̀, pé àwọn ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rí.

Kíkọ-sílẹ̀-ló-jù

Ti èèyàn kíkó wá: Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ sọ́fítíwíà OS/360 ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, ti wí i láti 1975 pé kíkó èèyàn kún iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó ti ń pẹ́, ńṣe ló ń mú kó pẹ́ sí i. Àwọn tuntun gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ló máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró kọ́ wọn. Ẹ bẹ ọ̀gá pé kó fi owó yẹn gba ẹni tó máa dáhùn ìpè printer fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn kò gba ẹ̀kọ́ púpọ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á sì ráyè jókòó tì í.

Ayẹ̀wéwò

Àwa ni wọ́n ń pè nígbà tó bá ti bàjẹ́ tán, torí náà ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ kó tó bàjẹ́.

Agbaṣẹ́ṣe tó ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ yìí. Báńkì TSB nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sórí ètò tuntun ní oṣù kẹrin 2018. Dátà dé láyọ̀, ètò tuntun fúnra rẹ̀ ni kò lè gbé e: àwọn oníbàárà ò rí àkáǹtì wọn wọ̀, ó sì di oṣù kejìlá ọdún náà kí gbogbo nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Ní 2022 àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó báńkì bu ìtanràn 48.65 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé báńkì náà. Ní 2023 wọ́n tún bu 81,620 pọ́n-ùn lé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà IT níbẹ̀ nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe báńkì. Wọn ò sọ pé ó ba server jẹ́. Wọ́n ní kò ṣe tó láti rí i dájú pé agbaṣẹ́ṣe ti múra tán lóòótọ́. Ẹ ka èyí sétí ọ̀gá yín. "Wọ́n ní ó ti tó" kì í ṣe ẹ̀rí. Kẹ́ ẹ gbé dátà tiyín sí i, kí iye èèyàn tiyín wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí èsì, ẹ̀rí nìyẹn.

Ẹ sì pín iṣẹ́ láàárín ara yín. Mo mọ̀ pé mẹ́rin lẹ jẹ́, síbẹ̀ ẹni tó kọ kóòdù kọ́ ló yẹ kó gbé e sórí server tí iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀, tàbí bó bá gbé e, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2012, ilé-iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà, tó ń fi kọ̀ǹpútà ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á, gbé kóòdù tuntun sórí server méje nínú mẹ́jọ. Ìkẹjọ ṣì wà lórí ti àtijọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ohun tí wọ́n pàdánù lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là. Àjọ SEC, tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, rí i pé kò sí ìlànà pé kí ẹnìkejì wo iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú mélòó ni wíwo server mẹ́jọ ì bá gbà?

Backup náà ńkọ́? Ẹ má sọ fún mi pé ó wà. Ìgbà wo lẹ dá nǹkan padà láti inú rẹ̀ kẹ́yìn? Òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó kóòdù wọn sí, pa dátà rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017. Wọ́n ní ọ̀nà backup àti àdàkọ márùn-ún, kò sí èyí tó ṣe é gbára lé nínú wọn lọ́jọ́ náà. Àdàkọ kan tí ẹnì kan ti fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló gbà wọ́n. Orí ló yọ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló gbé gbogbo rẹ̀ síta.

Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ò ní lè padà sẹ́yìn mọ́ sínú ètò yín, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó láṣẹ láti sọ pé "ẹ jẹ́ ká padà". Lóru ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ sọ ọ́.

Àgbà Ọ̀jẹ̀

Ní ti ọjọ́ tí ọ̀gá ti kéde: ẹ má bá a jà lórí ọjọ́. Ọ̀gá tó ti sọ̀rọ̀ lójú èrò kì í fẹ́ kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ bá a sọ. Ẹ fi ẹ̀ka kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, bóyá ẹ̀ka IT fúnra yín, torí bí owó bá ṣì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀, ẹ ò sì ní pariwo síta. Ọjọ́ ọ̀gá pé, sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Àwọn yòókù á máa wọlé ní ẹ̀ka sí ẹ̀ka.

Ẹ tún fi ọjọ́ ìpinnu kan sí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: ti Excel àti ti sọ́fítíwíà dọ́gba, wọ́n ti dá backup padà wò, àkáǹtì ti fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, Excel la ṣì wà lóṣù yẹn. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i nísinsìnyí tí ara rẹ̀ ṣì tutù.

Ìyá Àkáǹtì

Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ parí lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ta ló máa san owó licence (owó àṣẹ láti máa lo sọ́fítíwíà) ọdún kejì, inú owó ẹ̀ka wo ló sì ti máa jáde? Bí òṣìṣẹ́ ò bá rí páyísílíìpù rẹ̀ ṣí, ta ló máa pè? Íméèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe, ṣé ti èèyàn kan ni àbí ti ẹ̀ka? Mo mọ ibi kan tí sọ́fítíwíà ti dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìsanwó, torí pé inú íméèlì ẹni tó ti lọ ni ìránnilétí owó náà ń wọ̀.

Wáyà-kò-já

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti bá olórí àkáǹtì sọ̀rọ̀, ó gbà pé àwọn ló ni ti owó oṣù, ó kàn ní kí ọmọ tó ń kọ kóòdù wá jókòó tì wọ́n fún ìparí oṣù kan, mo sì ti gbà. Ti kíkó ẹ̀ka ìtajà, mo ti fi ìwé ojú kan ránṣẹ́, wáyà àti ihò nìkan la mú. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti padà sọ́dọ̀ HR, wọ́n kùn díẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ìsinmi ló kù. Ó dà bí iṣẹ́ kékeré lójú mi, HR ló ni ín, àwa la máa kọ ọ́. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n ṣọ́ra fún?

Èmi-Nìkan-Ni-IT

Ẹ fi ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà ní ìsinmi dán an wò. Níbì kan tí mo mọ̀, bí ọ̀gá ò bá sí nílé, fọ́ọ̀mù máa ń lọ sọ́dọ̀ igbákejì. Igbákejì wá béèrè ìsinmi nígbà tí ọ̀gá ò sí. Fọ́ọ̀mù yípo, ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fọwọ́ sí ti ara rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ayẹ̀wéwò

Ilé-iṣẹ́ wo nìyẹn? Ẹ fi sí inbox mi.